Agolo Tó Dá Òmìnira Mi Dúró

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, tí bàbá yín ń sọ pé kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tí ìyá yín sì ń sọ pé kí ẹ tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ díẹ̀. Èmi Múfútàù ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ṣe ní ìlú Ọ̀fà láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ń hù, títí di ọdún tó kọjá tí ìbàdí mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò tíì darúgbó o. Ìyàwó mi, Mọ́ríámọ̀, nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo máa ń kígbe "yéè" kí n tó dìde lórí àga. Kí òun náà sùn sórí páálí lábẹ́ ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ká wá gbọ́ igbe tirẹ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn ní sísọ. Mo ṣe girama jáde. Èsì ìdánwò mi kò burú, kò sì dára tó èyí tí wọ́n fi ń kọrin nílé. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Súlè, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìjàgbò, wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún, ó parí. Ti owó kọ́ ni ẹ fẹ́ bèèrè? Ọmọṣẹ́ kì í gbowó, oúnjẹ ló ń jẹ, ìyẹn bí ọ̀gá bá rántí.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́jọ ni mo lò. Oṣù mẹ́jọ tó lé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá mọ ìdí tó fi lé, ẹ ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí yẹ yín tàbí kò yẹ yín.

Ọ̀gá Súlè kì í pariwo, kì í sì í nà wá. Á kàn máa wò ọ́ ṣáá ni, títí ìwọ fúnra rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Odindi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Mo ń fọ irin, mo ń gbálẹ̀, mo ń wò. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́?"

Ó ní, "O ti ń kọ́ ọ. Ojú rẹ ni mo kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ọwọ́ rẹ ṣì ń dúró lẹ́yìn."

Ohun àkọ́kọ́ tó gbà kí ọwọ́ mi ṣe ni dída agolo èémí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnì ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Ọ́ìlì àti omi díẹ̀ sì máa ń bá èémí rẹ̀ jáde, bí itọ́ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹni tó ń kánjú sọ̀rọ̀. Họ́òsì kan wà tó ń dá èémí yìí padà síbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń gbé èébì ara rẹ̀ mì. Inú rẹ̀ á dọ̀tí, á máa rú èéfín, á sì máa mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi máa ń so agolo kan sáàárín họ́òsì náà. Èémí á gba ẹnu kan wọlé, ọ́ìlì á jábọ́ sísàlẹ̀ agolo, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á gba ẹnu kejì lọ. Agolo mílíìkì tí a jó pọ̀ ni a ń lò nígbà náà, a ó sì ki irin wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń fọ ìkòkò sínú rẹ̀ kí ọ́ìlì lè rí ibi dì mọ́.

Òfin ọ̀gá lórí agolo yìí kò ṣe é yí. O gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Abọ́ tánganran funfun ni o máa da ohun inú rẹ̀ sí, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe gọ́tà. O gbọ́dọ̀ gbé abọ́ náà sójú oòrùn, kí o wò ó, kí o gbóòórùn rẹ̀, kí o fi ìka méjì pa á. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé o kò gbọ́dọ̀ dà á nù kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá máa ń sọ pé, "Ara rẹ̀ ló ti jáde. Fi hàn án." Bí oníbàárà ò bá sí níbẹ̀, abọ́ á dúró. Ìgbà kan wà tí abọ́ mẹ́rin tò sórí bẹ́ǹṣì bí ọbẹ̀ tí kò rẹ́ni jẹ ẹ́. Bàbá kan tiẹ̀ wà tó ní kí a da tòun padà sínú ẹ́ńjìnì nítorí pé òun kì í fi nǹkan ṣòfò. Ọ̀gá bi í pé, "Bàbá, tí ẹ bá fọn ikun, ibo lẹ máa ń dà á sí?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí, kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, nítorí mo mọ̀ pé òun ni ẹ̀yin fẹ́ràn. Agolo mílíìkì lọ, ike omi dé. Àwa náà mọ̀ pé kò dáa, ooru ẹ́ńjìnì á jẹ́ kó ká kò láàárín oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó ń dán dé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tó ní ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀ bí ti omi àti gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ fi lè rí i bó ti kún tó. Ó rẹwà débi pé àwọn ọmọkùnrin kan máa ń ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì kí àwọn obìnrin lè rí i. Ìtọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti agolo mílíìkì: ẹ máa dà á nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì máa dà á léraléra lásìkò òjò àti ọyẹ́. Ẹ fi pẹtiróò díẹ̀ fọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ yẹ họ́òsì wò bóyá ó ti sán, kí ẹ sì dè é padà pinpin. Tí ẹ bá jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì máa gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín tó máa yọ á jẹ́ kí àwọn aládùúgbò rò pé ilé ń jó.

Síkánà náà dé. Ẹ ó fi wáyà rẹ̀ sábẹ́ sítíárìn, á sì kọ àìsàn ọkọ̀ jáde bí dókítà. Mi ò bá a jà. Mo ra tèmi, ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n síkánà kì í bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí òun bá mọ̀ ọ́n ṣe, mo lè sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ló gbé mi padà síbi tí mo ti yà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún márùn-ún mi pé. Mo ti dá aṣọ òmìnira. Àbúrò bàbá mi ti bá mi gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Mọ́ríámọ̀ sì ti sọ gbangba pé òun kì í fọmọ fún ọmọṣẹ́, pé ọ̀gá nìkan ló lè wọ ilé òun wá tọrọ ìyàwó. Gbogbo ayé mi ló rọ̀ mọ́ ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbọ́wọ́ lé mi lórí, tó máa ní kí n máa lọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọ̀gá lọ sí Ìlọrin fún ọjọ́ méjì láti ra ẹ̀yà ọkọ̀. Bó ṣe lọ báyìí ni Alhaji Gàníyù gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji, ọkọ̀ náà sì dà bí ọmọ lójú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun da agolo. Mo dà á sínú abọ́ funfun. Ẹ̀yin ará, kò dúdú. Ó funfun, ó ki, bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.

Wọ́n ti kọ́ mi pé bí omi bá wọnú ọ́ìlì, àwọ̀ tó máa ní nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì ti jó, tí omi rediétọ̀ fi ń yọ́ wọlé. Wọ́n tún kọ́ mi pé kí n wo omi rediétọ̀ bóyá ó ń dín, kí n fa gééjì ọ́ìlì yọ bóyá òun náà funfun, kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò wo ọ̀kankan. Ohun tó wà lójú mi ni pé ọ̀gá á dé láti Ìlọrin, á bá ẹ́ńjìnì tí mo ti tú tí mo sì ti dè, á ní, "Múfútàù, o ti tó." Mo dúró bí dókítà àgbà, mo ní, "Alhaji, ọ̀rọ̀ yìí burú o. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ."

Alhaji di orí mú. "Ọmọ mi, ṣó dá ẹ lójú?"

"Bí ojú mi ṣe dá mi lójú, Alhaji."

Ẹ́ńjìnì náà gbóná. Alhaji ti fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí òun ti ń bá oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀, kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé a kì í tú orí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá gbóná, torí irin rẹ̀ máa wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tú u. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ní ti iṣẹ́ tiwa, àkísà gan-an la fi ń mọ ọ̀gá, tèmi kò sì tíì ju mẹ́ta lọ.

Nígbà tí mo gbé orí ẹ́ńjìnì kúrò, gásíkẹ́ẹ̀tì náà le dáadáa. Kò jó, kò ya. Mo wá òmíràn fi sí i, mo dè é padà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orí ẹ́ńjìnì ti wọ́ ní tirẹ̀. Àìsàn tí kò sí lára ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àṣírí tú. Alhaji wakọ̀ dé iwájú mọ́sáláṣí pẹ̀lú agbádá funfun, èéfín funfun sì bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ń sá kiri. Wọ́n ní ẹnìkan pariwo pé, "Alhaji ti gòkè re ọ̀run láìkí wa!" Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ti dé. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó wá yíjú wò mí. Ẹ ti mọ ìwò yẹn. Kò pẹ́ tí mo fi jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Alhaji ló kọjú sí. "Alhaji, ibo lẹ máa ń gbé ọkọ̀ yìí lọ?"

"Ibo ni mo tún fẹ́ lọ? Mọ́sáláṣí ni. Orúnkún mi kò gbà kí n fẹsẹ̀ rìn."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?"

"Ṣé o kì í kírun ni, Súlè? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún!"

Láti ilé Alhaji sí mọ́sáláṣí, bí ẹ bá ju òkúta, á balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì kì í gbóná délẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Nínú ọyẹ́, omi inú èémí rẹ̀ kì í rí ooru tó máa lé e lọ, ṣe ló ń jábọ́ sínú agolo, tó ń pò mọ́ ọ́ìlì di ògì. Kò sí àìsàn kankan. Ọkọ̀ náà kò rìn tó ni. Ìbéèrè méjì péré ni ọ̀gá fi mọ ohun tí mo tú odindi orí ẹ́ńjìnì tí mi ò sì mọ̀.

Gbogbo owó tí ẹbí mi bá mi kó jọ fún ọjọ́ òmìnira mi ni mo fi ra orí ẹ́ńjìnì míràn. Ọ̀gá wá dájọ́. Ó ní, "Alhaji, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé ọkọ̀ yìí rìn jìnnà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ta lẹ ní lẹ́yìn ìlú?"

Alhaji ní, "Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìlemọ́nà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wa."

"Ó ti tó. Sátidé Sátidé, Múfútàù á fi ọkọ̀ gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀, á sì da agolo lójú yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ fún mi pé ọkọ̀ ti yá, ọjọ́ náà ni mo máa dá ọmọ yìí sílẹ̀. Kò ní jẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú."

Mo ní ìyẹn rọrùn. Oṣù kan, ó pẹ́ jù.

Sátidé àkọ́kọ́, a dé Ìlemọ́nà, Alhaji ní kí n dúró síwájú ilé kan, kò sì sọ̀ kalẹ̀. A jókòó síbẹ̀, ó ní kí n yí padà. Ìkejì, bákan náà. Ní ìkẹta, obìnrin kan jáde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Alhaja Sìdí nìyẹn, àbúrò rẹ̀. Èmi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé láti ìgbà ikú ìyá wọn ni wọ́n ti ń bínú síra wọn, lórí ẹni tó yẹ kó tọ́jú màmá.

Ó ní, "Ta ló ń dúró síwájú ilé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọlọ́pàá?"

Alhaji wo iwájú gan-an. "Ọkọ̀ ni mo gbé wá gbóná."

"Ọkọ̀ ti gbóná. Ẹnu yín ni ò tíì gbóná láti kí mi, ẹ̀gbọ́n mi?"

Alhaji ò yíjú kúrò níwájú. Alhaja náà ò kúrò. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n jà láìfọwọ́ kan ara wọn. Nígbà tó yá, Alhaja wọlé, ó gbé ànàmọ́ sísun jáde nínú abọ́, ó nà án gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ jẹun, awakọ̀. Ìwọ kò bá ẹnikẹ́ni jà." Ní ìkẹrin, Alhaji sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù kejì, ohun inú abọ́ kò funfun mọ́. Ọ́ìlì dúdú díẹ̀ ló ń jáde láti inú agolo, kò ju ṣíbí kan lọ, kò sí ògì. Mo fi han Alhaji tayọ̀tayọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó ní, "Hmm. Ó ku díẹ̀."

Oṣù kẹta: "Ó ku díẹ̀." Oṣù kẹrin: "Mi ò fẹ́ràn ìró yẹn." Kò sí ìró kankan! Lásísì, tó wọṣẹ́ lẹ́yìn mi, gba òmìnira níṣojú mi, ó ń jó, ó ń pè mí ní Awakọ̀ Alhaji. Àbúrò bàbá mi ní àwọn kan ti ń bèèrè ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mọ́ríámọ̀ ní bàbá òun ti ń bi òun pé ṣé ọkọ̀ yẹn kò ní tiẹ̀ kú ni. Mo rò ó láti lọ bá ọ̀gá, kí n sọ pé irọ́ ni Alhaji ń pa. Ta ló máa gbà mí gbọ́, èmi tí mo ti parọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì?

Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní Ìlemọ́nà, mò ń dúró de Alhaji. Mo gbọ́ ẹ̀rín láti inú ilé. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń sín ìyá wọn jẹ, bí obìnrin náà ṣe máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti ń gbé Alhaji kiri láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ojú mi là. Alhaji mọ̀ pé ọkọ̀ ti yá. Bó bá sọ ọ́, kí ló kù tó máa gbé e wá Ìlemọ́nà? Àgbà kan kì í kàn dìde lọ sọ́dọ̀ àbúrò tó ti bá jà fún ọdún gbọọrọ. Ó nílò ìdí. Ọkọ̀ ni ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo ní, "Alhaji, mo fẹ́ sọ òótọ́ kan tí mi ò tíì sọ fún yín."

"Ẹ̀rù ń bà mí tí o bá ti sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Máa sọ ọ́."

"Irú ọkọ̀ yìí kì í yá kó dúró sójú kan. Bí ẹ bá tún padà sí mọ́sáláṣí nìkan, ògì á padà. Mo lè gba òmìnira, mo sì lè lọ, ṣùgbọ́n títí ọjọ́ tí ẹ ó fi tà á, Sátidé Sátidé ni ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ Ìlemọ́nà. Kò sí ẹni tó lè bi yín pé kí lẹ ń wá lọ. Mẹkáníìkì ló ní kí ẹ máa lọ."

Alhaji kọjú síta fèrèsé. A kọjá oko, a kọjá ilé, a wọ Ọ̀fà. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ yà sí ilé rẹ̀, ó fọwọ́ kan sítíárìn. "Rárá. Ṣọ́ọ̀bù Súlè ni kó o lọ."

Ọ̀gá ń fọwọ́ rẹ̀ nínú ọṣẹ nígbà tí a wọlé. Alhaji kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Súlè, dá ọmọ yìí sílẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Ọkọ̀ ti yá nìyẹn, Alhaji?"

"Ọkọ̀ ti yá láti oṣù kejì," Alhaji wí. "Èmi ni mo ṣì ń gba ìtọ́jú."